Níbo ni equus wọlẹ̀ sí? Ìdí tí cheval, caballo, cavalo àti cal fi jọra

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, ọdún kejì ni mo wà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó sọ ibi tó ti wá. Mo mú cheval, ìyẹn ẹṣin, torí mo rò pé ó máa rọrùn. Olùkọ́ wa kan ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé equus ni àwọn ará Róòmù ń pe ẹṣin, àti pé inú rẹ̀ ni gbogbo èdè tó jẹ́ ọmọ Látìn ti mú tiwọn. Ìgbà tí mo kó wọn jọ ni ọ̀rọ̀ dojú rú:

Faransé: cheval
Sípéènì: caballo
Pọtogí: cavalo
Ítálì: cavallo
Katalan: cavall
Romaníà: cal

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló jọ equus nínú wọn? Mo bi ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó gbọ́ Látìn díẹ̀, ó ní équipe, écurie àti égal ni ọmọ equus, pé kí n lọ kọ ìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ta ló lè bá mi tú u?

Tíṣà Faransé, Ìbàdàn

Àbúrò, caballus ni ò ń wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn elédè Látìn ní fún ẹṣin. Equus ni ti ìwé, ti ogun àti ti eré ìje. Caballus ni ẹṣin iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń di ẹrù lé, tí wọ́n ń so mọ́ ọlọ. Nígbà tí Látìn ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù di Faransé, Sípéènì, Pọtogí àti àwọn yòókù, caballus ló bá wọn dé ibẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí o tò yẹn, ọmọ caballus ni wọ́n. Equus kú, kò bímọ.

Alákọ̀wé Ẹ̀gbá

Ẹ má bínú o, Tíṣà, "ẹṣin iṣẹ́" ti dáa jù fún un. Èébú ni caballus. Lucilius, akéwì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù, lò ó fún ẹṣin tó ń gbọn ẹni jìgìjìgì, tó burẹ́wà, tí kò sì lè sáré. Persius náà lò ó nígbà ayé Nérò, olú ọba Róòmù. Orísun omi kan wà nínú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní ẹṣin abìyẹ́ kan ló fi pátákò ta á jáde, pé ẹni tó bá mu níbẹ̀ á di akéwì. Persius fẹ́ fi àwọn akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ò fi ètè kan omi caballus yẹn rí. Inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀fẹ̀ náà wà. Ká ní equus ló fi síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò: caballus ni ẹṣin jákujàku.

Ìyá Gírámà

Alákọ̀wé, ẹ wo irú ẹni tí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Lucilius àti Persius, akéwì ẹlẹ́yà ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá lọ kọ́ Yorùbá lẹ́nu aláwàdà nìkan, ṣé kò ní rò pé èébú ni idajì ọ̀rọ̀ wa?

Ẹ lọ wo Horace, akéwì Róòmù kan náà. Ó ń rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú òun dé ọ̀dọ̀ Maecenas, olówó tó ń ran àwọn akéwì lọ́wọ́, ó ní òun ò fọ́nnu pé ọmọ ẹni ńlá ni òun, òun ò sì purọ́ pé òun ń gun ẹṣin ilẹ̀ Tarentum káàkiri oko òun. Caballus ló pe ẹṣin náà. Ẹṣin olówó ni, kì í ṣe jákujàku. Hesychius náà, Gíríìkì tó kó àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè, ní kaballes, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ẹṣin iṣẹ́. Ohun tí Tíṣà sọ gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni caballus. Ẹni tó bá fẹ́ bú ẹṣin lè fi bú u, ẹni tí kò bá fẹ́ bú u á kàn pè é bẹ́ẹ̀.

Àbúrò, bí o bá kọ "èébú ni" sílẹ̀, tí ẹnì kan tó mọ Látìn sì wà níjokòó lọ́jọ́ náà, á dá ọ dúró.

Alákọ̀wé Ẹ̀gbá

Mo gba ti Horace. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé kò ní ẹ̀gàn kankan nínú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ò fi sínú ìwé gidi, bó ṣe wù kó rí, ó kéré ní ojú wọn.

Ìyá Gírámà

Ó kéré, mo gbà. Kékeré àti èébú kì í ṣe ọ̀kan náà.

Jagunmólú

Gbogbo yín ń lọ jìnnà. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹṣin wa ni? Látìn ní asinus. Ẹ pè é dáadáa: a-si-nus, ẹ-ṣin. Àwọn ará Íńdíà àtijọ́ ní aśva. Gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un.

Ìyá Gírámà

Jagunmólú, ẹ rọra. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni asinus, kì í ṣe ẹṣin. Asinus gan-an, àlejò ni nínú Látìn. Nínú ojúlówó ọ̀rọ̀ Látìn, s tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì máa ń di r. Flos ni òdòdó, ṣùgbọ́n floris ni "ti òdòdó". Asinus kò di arinus, èyí sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà pé ibòmíì ni Látìn ti yá a.

Aśva, equus àti hippos àwọn Gíríìkì, ìyẹn lóòótọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ kì í ṣe pé wọ́n jọra. Hippos kò tilẹ̀ jọ equus rárá. Ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ ni pé ìyípadà ìró kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ mìíràn: iye, ẹ̀yà ara, orúkọ ìbátan. Tí ẹ bá lè fi ejì, ẹta, ojú, etí àti ìyá wa ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ti Látìn, a jọ máa sọ̀rọ̀.

Jagunmólú

Òyìnbó ló kọ ìyẹn fún yín.

Dókítà Cluj

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Orílẹ̀-èdè Romaníà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, èdè wọn sì wọ̀ mí lára. Tíṣà ní equus kú, kò bímọ. Ó bímọ, ṣùgbọ́n obìnrin ni gbogbo ọmọ tó bí.

Cal ni ẹṣin ní Romaníà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ abo ẹṣin. Iapă ni. Equa ni, abo equus. Ó lè má hàn lójú kan, àfi kí ẹ wo ohun tí Romaníà ń fi ìró qu Látìn ṣe. Aqua, omi, di apă. Quattuor, mẹ́rin, di patru. Equa náà di iapă. P ló jáde nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Sadíníà, erékùṣù tó wà lábẹ́ Ítálì, b ni wọ́n ń fi pè é: abba ni omi, ebba ni abo ẹṣin. Caddu ni wọ́n ń pe caballus, torí ll di dd lẹ́nu wọn.

Sípéènì ní yegua. Pọtogí ní égua. Katalan ní egua tàbí euga. Àbúrò, tò wọ́n sórí pátákó: akọ wá láti ara caballus, abo wá láti ara equa. Bí akọ màlúù àti abo màlúù ṣe lè ní orúkọ méjì tí kò bá ara tan nínú èdè míì ni tiwọn náà ṣe rí.

Tíṣà Faransé, Ìbàdàn

Dókítà, ẹ ṣé, ẹ ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Kí n fi kún un pé Faransé gan-an ní ọmọ equa nígbà kan. Ive ni wọ́n ń pè é nínú Faransé àtijọ́. Ó ti kú báyìí. Jument ló gba ipò rẹ̀. Jumentum Látìn ni ìyẹn ti wá, ẹran arẹrù èyíkéyìí ni jumentum, kò kan akọ tàbí abo. Ẹ ò rí i? Orúkọ iṣẹ́ ló tún jókòó sórí orúkọ ẹran lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù mí lọ́wọ́. Báwo ni ca ṣe di che ní Faransé, tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní Sípéènì? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ chevaux nígbà tó bá pọ̀, tí kì í ṣe chevals? Kí ló sì dé tí equus fi pòórá gan-an, nígbà tó jẹ́ òun ni ti ìwé?

Tíṣà Faransé, Ìbàdàn

Jẹ́ kí n mú méjì àkọ́kọ́. Ẹlòmíì á mú ẹ̀kẹta.

K tó bá wà ṣáájú a nínú Látìn máa ń di ch ní ààrin gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Wọ́n kọ́kọ́ ń pè é bíi tch, lẹ́yìn náà ló wá rọ̀ di ṣ tí a ń gbọ́ lónìí. O lè fi ọ̀rọ̀ tí o ti mọ̀ wò ó: cantare di chanter, campus di champ, cattus di chat, carrus di char. Sípéènì, Pọtogí àti Ítálì kò ṣe bẹ́ẹ̀, k wọn ṣì wà níbẹ̀: cantar, cantar, cantare.

A tó wà lẹ́yìn ch náà kì í fìgbà gbogbo dúró. Nínú caballus, orí sílébù kejì ni agbára wà: ca-BAL-lus. Sílébù àkọ́kọ́ ò lágbára, ìdí nìyẹn tí a inú rẹ̀ fi rọ di e. Camisia di chemise, caminus di chemin, capillus di cheveu, caballus di cheval, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà. Ìparí rẹ̀, us, gé kúrò pátápátá. B tó wà láàárín fáwẹ̀lì di v. Èyí kì í ṣe ti Faransé nìkan, torí láti ìgbà ìjọba Róòmù ni b àti v ti ń dàpọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìdí nìyẹn tí Ítálì, Pọtogí àti Katalan fi ń kọ v. Romaníà pa á jẹ pátápátá: ca-al, cal.

Chevaux. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Chevals ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. L tó bá wà ṣáájú kọ́ńsónáǹtì míì ní Faransé àtijọ́ máa ń yọ́ di u. Alba di aube, alter di autre. Bí chevals ṣe di chevaus nìyẹn. Àwọn tó ń fọwọ́ da ìwé kọ láyé ìgbà náà wá ní àmì kan tí wọ́n fi ń gé -us kúrú, àmì náà sì jọ x. Wọ́n ń kọ chevax, chevaus ni wọ́n ń kà. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn gbàgbé pé us ti wà nínú x yẹn. Wọ́n rò pé x lásán ni, wọ́n bá tún dá u padà síbẹ̀: chevaux. U náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìkan nínú aṣọ x. Ọ̀rọ̀ tó wọ èdè náà lẹ́yìn tí l ti parí yíyọ́ kò gba ọ̀nà yẹn. Ìyẹn ló fà á tí a fi ní carnavals àti festivals. Nígbà míì tí olùkọ́ bá ní kí o há a sórí pé "-al di -aux", mọ̀ pé àṣìkọ àwọn adàwékọ wà lára ohun tí ò ń há.

Àyìnlá

Ẹ̀yin Faransé wàhálà yín pọ̀ o 😂

Abẹ́rẹ́ Kò Ṣeé Gbé, Madrid

Àtúnṣe kékeré sí ti Tíṣà. Sípéènì ń kọ b lónìí, caballo, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé b yẹn wà níbẹ̀ láti ìgbà Látìn láìyẹsẹ̀. Cavallo ni wọ́n ń kọ nínú Sípéènì àtijọ́, bíi ti Ítálì gẹ́lẹ́. Real Academia, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò èdè Sípéènì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1713 ló tún ọ̀nà ìkọ̀wé ṣe, tí wọ́n wo Látìn kí wọ́n tó dá b padà sí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́nu, kò sí ìyàtọ̀. B àti v, ìró kan náà ni wọ́n ní Sípéènì. Nítorí náà bí o bá fi caballo ṣe ẹ̀rí pé Sípéènì ló sún mọ́ Látìn jù, ìkọ̀wé lò ń wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Alákọ̀wé Ẹ̀gbá

Èmi á mú ẹ̀kẹta. Ìdí tí equus fi lọ kì í ṣe ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ìró. Látìn tún ní aequus, "ọgbọọgba". Nígbà tó yá, ae wọn rọ di e, equus àti aequus sì di ohun tí etí ò fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní èyí wà lára ohun tó lé e jáde. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Aequus ló bí égal ní Faransé, igual ní Sípéènì àti Pọtogí, òun náà ló wà nínú équateur, ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Kò sí ẹṣin kankan lórí ìlà yẹn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń borí ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ wo alùpùpù. Ìwé ìròyìn ṣì ń kọ ọ́, wọ́n ṣì ń kà á lórí rédíò. Ta ló ń dúró létí títì tó ń ké sí alùpùpù? Ọ̀kadà ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù kan ni, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹ̀fẹ̀ náà ti tán, ọ̀rọ̀ ló kù. Caballus náà nìyẹn.

Látìn sì kún fún irú rẹ̀. Domus ni ilé, ṣùgbọ́n casa, ahéré, ló di ilé ní Sípéènì, Pọtogí àti Ítálì (inú casa náà ni chez Faransé ti wá, lọ wò ó). Os ni ẹnu, ṣùgbọ́n bucca, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló di bouche àti boca. Ignis ni iná, ṣùgbọ́n focus, ààrò, ló di feu, fuego, fogo, fuoco. Caput ni orí, ṣùgbọ́n testa, ìkòkò amọ̀, ló di tête. Ẹni tó ń sọ Faransé lónìí, ìkòkò ló gbé sórí ọrùn.

Tíṣà Faransé, Ìbàdàn

Alákọ̀wé ti ṣe égal. Kí n parí équipe àti écurie, kí ọmọ yìí má bàa fi wọ́n ṣèṣe. Équipe, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ti eléré, kò ní ẹṣin nínú. Inú équiper ló ti wá, ìyẹn sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Skip, ọkọ̀ ojú omi, ni gbòǹgbò rẹ̀. Kíkó èèyàn àti ẹrù sínú ọkọ̀ ni équiper ní ìbẹ̀rẹ̀.

Écurie, ilé ẹṣin, ni ó ń tan èèyàn jù. Ẹṣin ló wà nínú ilé náà lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹṣin nínú ọ̀rọ̀ náà! Écuyer ló bí i, scutarius Látìn ló sì bí écuyer: ẹni tó ń gbé asà fún jagunjagun. Ẹni yẹn náà ló ń tọ́jú ẹṣin ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ ti equus lóòótọ́ ní Faransé ni équestre àti équitation. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ìyá ni wọ́n ti gbọ́ àwọn wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ló lọ kó wọn nínú ìwé Látìn.

Abẹ̀kẹ́ ní Salvador

Ẹ kú ilé o. Ibí yìí ni Bahia, ní Brazil. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹṣin tán, ẹ ò tíì débi tó kàn wá. Lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níhìn-ín, pàápàá àwọn Umbanda, cavalo ni ẹni tí òrìṣà tàbí ẹ̀mí bá gùn. Cavalo de santo. Ẹ ò rí i pé "òrìṣà gùn ún" tiwa ni, wọ́n kàn fi aṣọ Pọtogí wọ̀ ọ́? Ẹlẹ́gùn di cavalo. Ẹnu yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ògúndélé, Miami

Òótọ́ ni ìyá mi. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ará Kúbà ń ṣe òrìṣà níbí, caballo ni tiwọn. Kí òrìṣà gùn ún ni montar. Ní Haiti, chwal ni, ọmọ cheval. Ẹ wá wo bí ó ti rí: caballo, cavalo, chwal, ọmọ caballus mẹ́ta, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́nu àwọn tó wá láti ọ̀dọ̀ wa.

Bọ̀rí

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Kò sí iyèméjì pé "gùn" wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Haiti ti ọ̀dọ̀ àwọn Fọn àti àwọn ará Kóńgò gba púpọ̀ nínú tiwọn, Yorùbá nìkan kọ́. Àwọn Hausa tó ń ṣe bori, ẹ̀sìn ẹ̀mí tiwọn, náà ń pe ẹni tí ẹ̀mí bá gùn ní doki, ẹṣin, tàbí godiya, abo ẹṣin. Kano ni mo dàgbà sí, mo gbọ́ ọ létí mi. Èrò kan tó kárí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní ìhà wa yìí ni. Ẹni tó bá ní ọ̀dọ̀ Yorùbá nìkan ló ti lọ, kó mú ẹ̀rí wá.

Abẹ̀kẹ́ ní Salvador

Èmi ò ní Yorùbá nìkan. Mo ní tiwa ni pẹ̀lú.

Ògúndélé, Miami

Bọ̀rí, mo gbọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí àbúrò mú lọ ni pé caballus kò dúró sí Yúróòpù. Ní Curaçao, tí wọ́n ń sọ Papiamentu, kabai ni ẹṣin. Ní Kúbà, ẹni tó bá ń ta charada, eré onínọ́ńbà wọn, mọ̀ pé caballo ni nọ́ńbà 1. El Caballo náà ni ìnagijẹ Fidel Castro lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ó ti jìnnà sí ẹṣin jákujàku Lucilius.

Ará Dublin

Ẹ ò tíì sọ ibi tí caballus fúnra rẹ̀ ti wá. Capall ni ẹṣin ní èdè ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland níbí, ceffyl ni ní Wélìsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní ọ̀dọ̀ àwọn Kẹ́ltì ilẹ̀ Gaul, ibi tó di Faransé lónìí, ni Látìn ti yá a, torí àwọn yẹn mọ ẹṣin í tọ́jú.

Ìyá Gírámà

Ará Dublin, ẹ̀rí yẹn lè yí padà sí ẹ lára. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Róòmù ni Ireland àti Wélìsì ti gba tiwọn. Àwọn Róòmù jọba ní Wélìsì fún ọdún tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, Látìn ṣọ́ọ̀ṣì sì dé Ireland. Ẹ sì rántí kaballes àwọn Gíríìkì. Àwọn mìíràn wo ìyẹn, wọ́n ní apá ìlà oòrùn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kì í ṣe Gaul. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, bí àbúrò bá sì ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣìnà.

Èyí tí kó má mú lọ ni ti Isidore ará Seville, bíṣọ́ọ̀bù tó kú ní 636. Ó ní wọ́n ń pè é ní caballus torí pé pátákò rẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ wọnú, bíi ti ọ̀rọ̀ Látìn tó dúró fún ihò. Ó dùn létí, àmọ́ irọ́ ni. Bí àwọn kan nínú wa ṣe máa ń tú orúkọ ìlú ni.

Jagunmólú

Èmi lẹ ń bá wí.

Ìyá Gírámà

Isidore ni mò ń bá wí. Bí aṣọ bá bá yín mu, ẹ wọ̀ ọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ dákun, chevalier àti cavalier ńkọ́? Ẹṣin ló wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìkan ní ch, ìkan ní c. Òfin ca di che ti Tíṣà kò ṣiṣẹ́ lórí èkejì.

Tíṣà Faransé, Ìbàdàn

Òfin náà ṣiṣẹ́. Cavalier kò sí nílé nígbà tí òfin náà ń jà. Caballarius Látìn, ẹni tó ń bá ẹṣin ṣe, ló di chevalier nílé Faransé fúnra wọn, lójú ọ̀nà tí cheval gbà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ọba Faransé ń bá ogun kiri ilẹ̀ Ítálì, àwọn ọmọ ogun wọn sì kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ogun bọ̀ wálé. Cavaliere Ítálì di cavalier, cavalleria di cavalerie. Ìdí nìyẹn tí Faransé fi ní chevalerie, ìwà àti ipò àwọn akin agẹṣinjagun, tó tún ní cavalerie, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ẹṣin. Bàbá kan náà ló bí wọn, ọ̀kan dàgbà nílé, ọ̀kan tòkèèrè bọ̀.

Bí o bá rí ca ní Faransé níbi tó yẹ kí ch wà, fura. Àlejò ni lọ́pọ̀ ìgbà, láti Ítálì, láti gúúsù, tàbí láti inú ìwé Látìn.

Kí o tún wá ibì kan fún chevaucher, láti gun ẹṣin. Caballicare ni. Ítálì ní cavalcare, Sípéènì cabalgar, Pọtogí cavalgar.

Dókítà Cluj

Romaníà: a încăleca. Wọ́n fi in- síwájú rẹ̀ ni.

Àyìnlá

Èmi ò mọ Látìn o, mẹkáníìkì ni mí. Ṣé ti mọ́tò Citroën àtijọ́ yẹn náà ni? Àwọn ará Kútọnu máa ń pè é ní "dé ṣẹfó".

Ọmọ Àjàṣẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá Àyìnlá! Deux chevaux, 2CV. Cheval ni c, agbára ẹṣin. Mi ò ronú kàn án. Òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Abẹ́rẹ́ Kò Ṣeé Gbé, Madrid

1948 ni wọ́n fi 2CV han aráyé ní Paris, bí o bá fẹ́ fi ọdún sí i. Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin méjì péré. Chevaux tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí mọ́tò ní ilẹ̀ Faransé ni. Agbára tòótọ́ rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Iyá Ẹlẹ́ja

Mo kàn ń kọjá ni. Èyí tó jẹ́ Pọtogí nínú yín, ṣé cavalo náà ni cavala? Mo rí i lára páálí ẹja dídì kan, ẹja títù ló wà nínú rẹ̀.

Abẹ̀kẹ́ ní Salvador

Òun ni, Ìyá. Cavala ni níbí, caballa ni ní Sípéènì. Àwọn náà fi orúkọ ẹṣin pe ẹja. Èló ni wọ́n ń ta páálí báyìí?